Èmi ni mo pa oyin Ìjàrẹ́, kì í ṣe Ṣẹ́gun

Ó ti rẹ̀ mí. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sì ti pinnu pé n óò gbé e wọ sàréè. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan bẹ̀ mí pé kí n dárí ji òun lórí ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ́ pé èmi gan-an ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ọmọ Oǹdó ni mí. Àkúrẹ́ ni mo lọ́kọ sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn olùdámọ̀ràn àgbẹ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń rán lọ sí abúlé láti bá àgbẹ̀ wo oko rẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún un bí yóò ṣe tọ́jú ohun tó gbìn.

Mo máa ń sọ fún wọn pé oko kì í ṣe ti àgbẹ̀ nìkan. Ekòló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹyẹ ń ṣiṣẹ́. Aláǹtakùn ń bá wa pa kòkòrò jẹ, oyin ló sì ń mú kí òdòdó di èso. Mo ń kọ́ wọn pé kí àgbẹ̀ má ṣe gé gbogbo igi ńlá orí ilẹ̀ rẹ̀ tán, kó má fín oògùn nígbà tí òdòdó bá là, kó má sì fọ pọ́ǹpù rẹ̀ sínú odò. Bí ewé bá ń rọ, kí wọ́n kọ́kọ́ yí i wò lẹ́yìn kí wọ́n tó dárúkọ oògùn kankan.

N kò fi èyí fọ́nnu. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé n kò lè wí pé n kò mọ ohun tí mo ṣe.

Nínú àwọn tí mo kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ṣẹ́gun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ó máa ń kó kòkòrò wá sí kíláàsì nínú agolo wàrà tó ti lu ihò sí lórí, kó lè bi mí pé ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni èyí àbí ọ̀tá rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, Ìjàrẹ́ ni wọ́n rán an lọ, inú mi sì dùn, torí pé ọ̀nà ibẹ̀ kò jìnnà sí Àkúrẹ́, mo sì ní oko níbẹ̀.

Ilẹ̀ tí ìyá ọkọ mi fi sílẹ̀ fún wa ni oko náà. Odò kékeré kan ló pààlà láàárín àwa àti ìyá opó kan tó ń sin oyin. Màmá Olóyin ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà kó tó kú, ó sì to àwọn àpótí oyin rẹ̀ sábẹ́ igi ọsàn létí odò. Oyin yẹn ló fi ń jẹun. Òun kan náà ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, èmi àti ọkọ mi gbin kùkúmbà. Ọmọ wa obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, owó oṣù kì í sì í wọlé déédéé. Obìnrin kan ní Ọjà Ọba ti ṣèlérí pé òun yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Kùkúmbà náà dàgbà, ó tàn kálẹ̀, ojú mi ti wà lára rẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kó so, kòkòrò dé sí i. Ó jẹ ewé rẹ̀ di ajere.

Ohun tó yẹ kí n ṣe, mo mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n máa fọwọ́ ṣa kòkòrò náà ní kùtùkùtù, kí n máa fín omi ewé dóńgóyárò sí i nírọ̀lẹ́, kí n sì ní sùúrù. Sùúrù yẹn ni n kò ní. Mo lọ sí ìsọ̀ kan ní Àkúrẹ́, mo ra oògùn tí wọ́n rọ sínú ike omi, tí kò lórúkọ lára. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí kòkòrò tó máa kàn án tó máa yè. Èmi tí mo ti máa ń sọ pé oògùn tí kò bá lórúkọ, ẹ má fọwọ́ kàn án, mo fi nàìlọ́ọ̀nù wé e, mo tì í sísàlẹ̀ báàgì mi.

Lọ́jọ́ tí mo fín in, oòrùn ti yọ. Òdòdó ti là, gbogbo oko pọ́n bí ìyeyè. Mo gbọ́ ìró oyin lórí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: mo gbọ́ ìró wọn. Ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kí n dúró dè, nígbà tí oyin bá ti wọlé. Ṣùgbọ́n mo ní kíláàsì ní Àkúrẹ́ lọ́sàn-án, n kò sì fẹ́ wọ ọkọ̀ padà wá lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni, kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Mo gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, mo sì fín oko náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

Nígbà tí mo ṣe tán, mo fọ pọ́ǹpù náà sínú odò. Odò tí oyin Màmá ń mu. Mo ju ike náà sínú igbó, mo pààrọ̀ aṣọ, mo sì wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Ẹ̀kọ́ tó kàn lọ́jọ́ náà ni ìdí tí a kì í fi í fín oògùn nígbà tí òdòdó bá là. Mo kọ́ wọn. Ohùn mi kò gbọ̀n rárá. Ìyẹn ló máa ń bà mí lẹ́rù jù bí mo bá rántí.

Ọjọ́ kejì ni Ṣẹ́gun pè mí lórí fóònù. Ó ń mí hẹlẹ. Ó ní oyin Màmá ti bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ àpótí wọn, pé àwọn tí kò tíì kú ń rá gbéregbère lórí ilẹ̀, wọn kò lè fò. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n sọ ohun tí òun lè fún wọn. Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, mò ń bọ̀.

Mo bá Màmá Olóyin lábẹ́ igi ọsàn. Kò sunkún. Ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá oyin rẹ̀ jọ sínú abọ́, bí ẹni ń kó ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ri wọ́n mọ́lẹ̀ kí adìẹ àwọn aládùúgbò má baà jẹ wọ́n, kí wọ́n má baà kú. Ó wá fi àpótí kan hàn mí. Mo fi etí lé e. N kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni, ohun tó kù ì bá má ṣẹlẹ̀. Ẹnu mi kò là. Mo kàn ń sọ pé pẹ̀lẹ́, Màmá, pẹ̀lẹ́.

Ohun tó dé bá Ṣẹ́gun nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí mo fín oògùn, ó ti bá Màmá fín omi dóńgóyárò sí ata rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Àwọn kan rí i. Nígbà tí oyin kú, wọ́n bojú wẹ̀yìn, omi eléwé tí ọmọ ìjọba fín ni wọ́n rántí. Kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo Ìjàrẹ́ ti ń sọ pé ọmọdé tí wọ́n rán wá kọ́ àwọn lóko ti pa oyin opó.

Ibi iṣẹ́ wa rán ọ̀gá kan wá wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ní kí n bá a lọ, torí pé èmi ni olùkọ́ Ṣẹ́gun. Àwọn àgbẹ̀ pé jọ sí gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ kan. Ọ̀gá náà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni fín oògùn kòkòrò ní àgbègbè yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Gbogbo ilé dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Ó wá yíjú sí mi, ó ní kí n là á yé àwọn èèyàn: ṣé omi dóńgóyárò lè pa oyin?

Ẹ jọ̀ọ́, ìdáhùn mi nìyí, n kò ní fi nǹkan kan pamọ́ fún yín. Mo ní, "Bí ẹni tó pò ó bá pò ó nípọn jù, ó lè pa á."

Ṣẹ́gun gbójú sókè. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tí kò gbọ́ mi dáadáa. Ó ní, "Ma, bí ẹ ṣe kọ́ wa náà ni mo ṣe pò ó."

Mo ní, "Bóyá o kò fetí sílẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà."

Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Olóyin níwájú gbogbo èèyàn, ó ń bẹ̀bẹ̀. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbọ́ pé ó ti padà sí Oǹdó, ìlú àwa méjèèjì, pé ó ń bá àbúrò bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ káfíńtà. Mo sọ fún ara mi pé ọmọdé ni, ayé rẹ̀ ṣì wà níwájú, pé èmi tí mo ní ọmọ ní yunifásítì ni n kò lè fara da kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kùkúmbà tí mo tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí náà kò so. Òdòdó rẹ̀ rẹ̀ dànù. Díẹ̀ tó so wọ́, ó rí kúdúkúdú, nítorí pé kò sí oyin tí yóò gbé ìyẹ̀fun láti ara òdòdó kan dé ara òmíràn. Obìnrin Ọjà Ọba yẹn wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n máa gbé e lọ. Mo sọ fún ọkọ mi pé òjò ló bà á jẹ́.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Àwọn àgbẹ̀ àgbègbè yẹn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ dóńgóyárò mọ́. Wọ́n ní oògùn inú ike tí àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sàn ju ti ọmọ ìjọba lọ. Olùdámọ̀ràn tí wọ́n rán lọ rọ́pò Ṣẹ́gun kò rí ẹni bá a jókòó. Bí mo bá lọ sí oko wa nísinsìnyí, ìwọ̀nba ẹyẹ ni mò ń gbọ́. Ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, ẹnu mi kan náà ni mo fi wó o.

Èyí tó tún ń pa mí lára jù ni ti kíláàsì. Ọ̀rọ̀ oyin Ìjàrẹ́ ti di àpẹẹrẹ tí a fi ń kọ́ni. Bí àwọn tuntun bá dé, wọ́n á ní kí n sọ ìtàn olùdámọ̀ràn tí kò wọn oògùn rẹ̀ dáadáa. Mo ń sọ ọ́. Wọ́n á mi orí, àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín. Nígbà kan, mo fẹ́ fò ó dá, mo sì lọ sórí ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ma, ẹ kò tíì sọ ti ẹni tó pa oyin." Mo padà, mo sọ ọ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo ti ń fẹ́ fẹ̀yìn tì. Mo rò pé bí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà, n óò sinmi.

Ìkórè ìjọ wa ní Oǹdó ló gbé mi lọ sílé lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan gba báàgì lọ́wọ́ mi láti ẹ̀yìn, ó ń fi èdè Oǹdó kí mi. Ṣẹ́gun ni. Ó ti sanra díẹ̀, eruku pákó ṣì wà nínú èékánná rẹ̀. Ó mú mi lọ sábẹ́ ìbòòji, ó bá mi wá àga, ó wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí gégùn-ún ni. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó fi mí gégùn-ún.

Ó ní, "Ma, ẹ má bínú sí mi. Mo dójú tì yín. Ẹ kọ́ mi tán, mo lọ bà yín lórúkọ jẹ́ ní Ìjàrẹ́."

Mo gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó rò pé mo ṣì ń bínú, ó wá ń ṣàlàyé. Ó ní òun ti ro ọ̀rọ̀ náà títí, òun sì ti mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Korobá tí òun fi po omi dóńgóyárò ni. Òun yá a ní ilé kan tó wà nítòsí, òun kò sì béèrè ohun tí wọ́n ti fi ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé oògùn ti wà nínú rẹ̀. Ó ní bí òun bá ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ni, oyin Màmá ì bá wà láàyè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti wá ẹ̀bi náà kiri títí ó fi rí ibi tó lè gbé e kà. Ó ti gbà á tọkàntọkàn.

Ó wá sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá òun dúró, ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, òun máa ń ti Oǹdó lọ sí Ìjàrẹ́. Pákó tó bá ṣẹ́kù ní ìsọ̀ wọn ni òun fi ń kan àpótí oyin fún Màmá. Ó ní ọdún àkọ́kọ́ tí òun gbé e dé, Màmá kò bá òun sọ̀rọ̀. Ní èkejì, ó fún òun lómi mu. Nísinsìnyí, bó bá ti gbọ́ ohùn òun, á ní, "Ọmọ mi, wọ ulé wá." Ó ní oyin ti ń padà wọ inú àpótí náà díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló fa ìgò kan yọ nínú àpò rẹ̀. Oyin ni, ó dúdú, ó mọ́ gaara. Ó ní Màmá ló ní kí òun máa fi pamọ́ sọ́wọ́ títí òun yóò fi rí mi. Màmá ní kí wọ́n kí mi. Ó ní olùkọ́ tó kọ́ irú ọmọ báyìí, tó ṣẹ̀ tó sì mọ̀ pé òun ṣẹ̀, olùkọ́ gidi ni.

Mo gba ìgò náà. Ẹ jọ̀ọ́, mo gbà á, mo sì ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Ṣẹ́gun béèrè pé ṣé mo ti dárí ji òun. Mo ní mo ti dárí jì í. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó gbé báàgì mi dé ibi ọkọ̀.

Nígbà tí mo dé Àkúrẹ́, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó wá ní egbò tó ti jinná, kí ni mo tún fẹ́ họ ọ́ sí? Ó ní Màmá ti gba ọmọ, ọmọ ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́, oyin ti ń padà wálé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè dá owó ìfẹ̀yìntì mi dúró, orúkọ àwọn ọmọ wa náà yóò sì bà jẹ́. Òtítọ́ wà nínú ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni Ṣẹ́gun kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó ń dà mí láàmú. Bí mo bá sọ fún Ṣẹ́gun pé kò jẹ̀bi, mo ti gba àwọn ọdún yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Yóò mọ̀ pé lásán ni òun ń dọ̀bálẹ̀, pé èmi jókòó níbẹ̀, mo ń wo òun. Bóyá yóò tilẹ̀ kúrò lẹ́yìn Màmá. Bóyá Màmá, tó ti darúgbó, kò ní lágbára àtikórìíra ẹlòmíràn mọ́. Bí mo bá sì dákẹ́, yóò máa kan àpótí lọ títí tí yóò fi kú, yóò sì máa rántí korobá tí kò ṣe nǹkan kan.

Ìgò oyin náà wà lórí firíìjì. Àwọn ọmọ ń béèrè pé kí ló dé tí a kò ṣí i. Mo ní ti ẹnì kan ni.

Ní oṣù tó ń bọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun yóò wọlé, àwọn tí n óò kọ́ kẹ́yìn nìyẹn. Wọn yóò ní kí n sọ ti ẹni tó pa oyin. Mo ti pinnu pé n kò ní fi Ṣẹ́gun sínú rẹ̀ mọ́. Ìyẹn nìkan ni mo tíì rí pinnu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ òbí, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́, ẹ bá mi dá sí i. N kò ní kí ẹ sọ pé mi ò jẹ̀bi. Ojú ọ̀nà Ìjàrẹ́ àti ti Oǹdó ni mò ń wò, ẹsẹ̀ mi kò sì mọ èyí tí yóò gbà. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún: ìyá tí mo pa oyin rẹ̀ ni, àbí ọmọ tí mo jẹ́ kó gbà pé òun ló pa á?